Yíyan Lẹ́tà Ẹlẹ́sẹ̀ fún Ìwé Yorùbá: Orúkọ Ìlú Òkè-Ògùn gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n

1. ÌFÁÁRÀ

Ẹni tí ó mọ aṣọ òfì í rà ní Ìsẹ́yìn kì í fi àwọ̀ ojú aṣọ nìkan pinnu. Bí a bá tẹ́ méjì tí ó jọra síwájú rẹ̀, yóò yí wọn sí òdì, yóò fi ọwọ́ pa wọ́n, yóò sì wo ojú ibi tí a ti rán wọn pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó rí fún ẹni tí ó fẹ́ yan irú lẹ́tà tí a ó fi tẹ ìwé Yorùbá. Lójú ẹni tí kì í ṣe òǹtẹ̀wé, Times, Plantin, Baskerville àti Bembo jọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo wọn, èyí ni pé ìlà kóńkó kan wà ní ìparí ọ̀pá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé lẹ́tà náà ní àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó fi dúró. Irú lẹ́tà yìí ni a fi ń tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé kíkà. Ìbéèrè tí ó kù ni èwo nínú wọn, àti pé kí ni a ó fi yàn án.

Jẹ́ kí a gbà, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, pé àwọn ọmọ ìlú Ogbooro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí, fẹ́ tẹ ìwé ìtàn ìlú wọn. Kí ni yóò wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀? Orúkọ àwọn ọba ni, orúkọ agbo ilé, orúkọ oko, orúkọ odò, àti oríkì tí ó so gbogbo wọn pọ̀. Bí a bá yọ orúkọ kúrò nínú ìwé ìtàn ìlú, ohun tí yóò ṣẹ́kù kò tó nǹkan. Àwọn àgbà sì ti wí pé orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Bí àmì kan bá bọ́ lára orúkọ nínú ìwé, ìjánu já.

Àbá tí àpilẹ̀kọ yìí fi lélẹ̀ kò ṣòro í sọ: láàárín àwọn lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó jọra, kì í ṣe ẹwà ara lẹ́tà ni ó yẹ kí ó jẹ́ òṣùwọ̀n fún ìwé Yorùbá. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní òkè orí lẹ́tà àti ní ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀ ni ó yẹ kí a fi yàn án.

1.1 Ẹ̀rí láti inú orúkọ kan

Orúkọ Ogbooro fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí. Lórí àwòrán ilẹ̀ àti nínú ìwé ìjọba, láìlámì ni a sábà máa ń kọ ọ́, nígbà mìíràn Ogboro, nígbà mìíràn Ogbooro. Láìlámì náà ni a fi sílẹ̀ níhìn-ín, kí ìṣòro náà lè fara hàn. Fáwẹ́lì mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀. Fáwẹ́lì tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò kì í gba ohùn òkè. Nítorí náà ohùn méjì péré ni ó ṣí sílẹ̀ fún èkíní, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín. Ohùn mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ó kù. Bí a bá sọ 2 di ìlọ́po 3 lẹ́ẹ̀mẹta, yóò di 54. Ọ̀nà 54 ni àlejò lè gbà pe orúkọ yìí, kí a má tilẹ̀ tí ì béèrè bóyá o ni fáwẹ́lì rẹ̀ tàbí ọ.

Ọmọ tí a bí sí Ogbooro tí ó sì dàgbà níbẹ̀ kò ní ìṣòro kankan. Etí rẹ̀ ti gbọ́ orúkọ náà kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni a ń kọ ìwé ìtàn fún. A ń kọ ọ́ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ tí a bí sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tí ó lè jẹ́ pé inú ìwé ni yóò ti kọ́kọ́ pàdé orúkọ agbo ilé baba rẹ̀.

2. ẸRÙ TÍ LẸ́TÀ YORÙBÁ Ń GBÉ

Kí a tó lè wọn lẹ́tà, ó yẹ kí a mọ iye ẹrù tí a ó dì lé e lórí. Fáwẹ́lì aláìránmúpè méje ni Yorùbá ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba àmì ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, èyí sì jẹ́ 14. Ẹ, ọ àti ṣ tún gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú àmì abẹ́ wọn nìkan, èyí jẹ́ 3. N àti m tí ó dá dúró bí sílébù lè gba ohùn méjèèjì, èyí jẹ́ 4. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 21. Bí a bá ka lẹ́tà ńlá mọ́ lẹ́tà kékeré, wọ́n di 42. Bí ìwé náà bá sì nílò lẹ́tà òòró, lẹ́tà ítálíìkì tí ó fì sí apá ọ̀tún, àti lẹ́tà tí ó nípọn fún àkọlé, wọ́n di 126.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ka lẹ́tà tí kò ní àmì rárá. A, b, d, e, f, g, h, i, j, k, l, m, n, o, p, r, s, t, u, w, y: àwọn náà jẹ́ 21. Ìdajì lẹ́tà tí ìwé Yorùbá nílò ni ó ń gbé àmì. Ẹni tí ó bá wo A títí dé Z lásán nínú ìwé àpẹẹrẹ àwọn olùtajà lẹ́tà, tí ó sì fi ìyẹn yan irú lẹ́tà tí yóò lò, ìdajì ọjà ni ó wò kí ó tó sanwó.

Kì í ṣe pé àwọn àmì yìí jẹ́ ọ̀ṣọ́. Oko ni àgbẹ̀ ń lọ. Ọkọ́ ni ó gbé lé èjìká. Ọkọ̀ ni ó gbé èlùbọ́ rẹ̀ lọ sí ọjà. Ọ̀kọ̀ ni ọdẹ fi pa ẹran. Ọkọ sì ni baálé lójú ìyàwó rẹ̀. Òkè-Ògùn fúnra rẹ̀, odò Ògùn ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí àmì tí ó wà lórí u bá yí padà, odò di òrìṣà onírin, ó di Ògún. Bí àmì méjèèjì bá bọ́, ó di ogun tí ó ń tú ìlú. Bí ti iwájú nìkan bá bọ́ lára orúkọ òrìṣà, ó di ogún tí ọmọ ń jẹ lẹ́yìn baba. Nínú ìwé ìtàn ìlú, níbi tí a ti ń sọ ẹni tí ó jogún ilẹ̀ àti ẹni tí ó fi ogun gbà á, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

3. BÍ ÒJÉ ṢE Ń RU ẸRÙ NÁÀ

Ìṣòro yìí ti pẹ́ tó ìwé Yorùbá fúnra rẹ̀. Nínú ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1852, àmì ti wà lábẹ́ lẹ́tà, ó sì ti wà lórí fáwẹ́lì. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ní 1875, ìjọ C.M.S. pe ìpàdé ní Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá. Láti ìgbà náà wá, oríṣi àmì méjì ni a ti ń rí lábẹ́ e, o àti s nínú ìwé títẹ̀: àwọn kan ń lo tóótó, àwọn mìíràn ń lo ìlà kúkurú tí ó dúró gbọnrangandan. Ìlà kúkurú yìí ní àǹfààní kan tí ó hàn kedere. Bí a bá fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀, tóótó a máa rì sínú ìlà náà, ṣùgbọ́n ìlà òòró a máa yọ jáde.

Ní ayé òjé, ègé òjé kan ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀tọ̀ ni ègé e, ọ̀tọ̀ ni ti ẹ, ọ̀tọ̀ sì ni ti ẹ́. Nínú ẹ̀rọ Monotype, tí ó ń yọ́ òjé tí ó sì ń rọ lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àyè 225 ni ó wà nínú férémù tí a ń to àpẹẹrẹ lẹ́tà sí. Nígbà tí ó yá, a fẹ̀ ẹ́ dé 255. Bí a bá da 126 tí ó ní àmì pọ̀ mọ́ 126 tí kò ní, wọ́n jẹ́ 252. Àyè 3 péré ni ó kù nínú 255, bẹ́ẹ̀ ni a kò tí ì to nọ́ńbà 0 dé 9, a kò tí ì to kọ́mà, ìdánudúró àti àmì ìbéèrè. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́, kìkì ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè dàrú ni a ti ń fi àmì ohùn sí.

Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 tún fi kún ẹrù náà ní ọ̀nà kan. Ṣáájú rẹ̀, a lè fi àmì ẹyọ kan lé orí fáwẹ́lì gígùn, bí ẹni tí ó kọ õgùn. Àkọtọ́ 1974 ní kí a kọ fáwẹ́lì méjèèjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbé ohùn tirẹ̀: oògùn. Ohun tí ó dára fún òǹkàwé ni èyí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ lẹ́tà tí àmì rẹ̀ kò ní gbá ara wọn lórí bí fáwẹ́lì méjì bá tẹ̀lé ara wọn.

4. ÀWỌN LẸ́TÀ TÍ Ó JỌRA

A lè wá wo mẹ́rin tí a dárúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Plantin ni Monotype gbé jáde ní 1913, láti ara lẹ́tà ayé àtijọ́ tí ó wà ní Antwerp. Ara rẹ̀ ga, ọ̀pá rẹ̀ kúrú, ó sì sanra díẹ̀. Láti ara Plantin ni Stanley Morison àti Victor Lardent ti mú Times New Roman jáde fún ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó kọ́kọ́ lò ó ní ọjọ́ 3, oṣù Ọ̀wàrà, 1932. Àyè ìwé ìròyìn kì í tó, nítorí náà a fún Times mọ́ra, a gbé ara rẹ̀ ga, a sì gé ọ̀pá òkè àti ìrù ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrú. Baskerville ti wá láti ọwọ́ John Baskerville, òǹtẹ̀wé ará Birmingham ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Monotype tún un ṣe ní 1923. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìlà tín-ín-rín àti ìlà nínípọn rẹ̀ ju ti Plantin lọ. Bembo, tí Monotype gbé jáde ní 1929, ti ara lẹ́tà tí a lò ní Venice ní nǹkan bíi 1495 wá. Ara rẹ̀ kéré, ọ̀pá rẹ̀ sì ga.

Ohun tí a pè ní ara níhìn-ín ni gíga lẹ́tà bíi a, e, o, tí kò ní ọ̀pá lókè tí kò sì ní ìrù nísàlẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ìyàtọ̀ wọn ti kan Yorùbá. Fún Gẹ̀ẹ́sì, àyè tí ó wà láàárín orí a àti orí l jẹ́ òfìfo. Bí a bá gé e kúrú, kò sí ẹni tí ó pàdánù. Fún Yorùbá, inú àyè yẹn ni àmì ohùn ń gbé. Times tí ó gbé ara ga ti gba díẹ̀ nínú ilé àmì ohùn. Bembo tí ara rẹ̀ kéré fi àyè gbà á, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ méjèèjì ní pọ́ńtì 10, lẹ́tà Bembo yóò kéré lójú ju ti Times lọ, a ó sì ní láti gbé e lọ sí 11 tàbí 12 kí àgbàlagbà tó lè kà á. Baskerville dára lórí bébà dídán. Lórí bébà yẹpẹrẹ tí ó ń mu yíǹkì, ìlà tín-ín-rín rẹ̀ lè já, tóótó abẹ́ lẹ́tà sì lè dà pọ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà. Plantin fara da irú bébà bẹ́ẹ̀ jù ú lọ.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti lẹ́tà kan tí ó dára àti òmíràn tí kò dára. Ìṣirò àyè ni. Ẹni tí ó bá yan lẹ́tà tí ara rẹ̀ ga gbọ́dọ̀ fi àlàfo kún àárín ìlà. Ẹni tí ó bá yan lẹ́tà tí ara rẹ̀ kéré gbọ́dọ̀ fi pọ́ńtì kún lẹ́tà. Ọ̀nà méjèèjì ni yóò fi ojú ìwé kún ìwé, owó bébà sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó sàn kí a ṣe ìṣirò náà kí a tó dé ilé ìtẹ̀wé ju kí a dé ibẹ̀ kí a tó máa yọ àmì sọnù.

5. ÌDÁNWÒ

Orúkọ àwọn ìlú tó láti dán lẹ́tà wò. Kí a to ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní lẹ́tà òòró, ítálíìkì àti lẹ́tà nínípọn, ní ìwọ̀n tí a ó fi tẹ ìwé gan-an, kí a sì tẹ̀ wọ́n sórí irú bébà tí a ó lò.

(i) Ọ̀yọ́. Lẹ́tà ńlá tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń tú àṣírí. Ǹjẹ́ àmì orí Ọ̀ kò gbá ìdí ìlà tí ó wà lókè rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ̀rọ kò gé e lórí?

(ii) Ìgbẹ́tì, Ìsẹ́yìn. Àmì ohùn gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn orí ẹ, kí tóótó sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Bí àmì bá yà sí orí lẹ́tà tí ó tẹ̀lé e, lẹ́tà náà kò yẹ. Kí a wo ì pẹ̀lú: bí i bá gba àmì ohùn, tóótó orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Níbi tí a bá ti rí tóótó àti àmì ohùn lórí i kan náà, iṣẹ́ ti bàjẹ́.

(iii) Ògùn, Ògún. Kí a tẹ méjèèjì ní pọ́ńtì 9, kí a sì fún ẹni tí kò mọ ohun tí a ń wá. Bí kò bá lè sọ èwo ni odò tí èwo sì jẹ́ òrìṣà láìgbé ìwé súnmọ́ ojú, àmì lẹ́tà náà ti kéré jù tàbí kí ó ti nà gbalaja jù.

(iv) Ṣakí, Kìṣí. S nìkan ni kọ́ńsónáǹtì tí ó ń gba àmì abẹ́. Ìdí rẹ̀ kò rí roboto bíi ti o. Nínú ítálíìkì ó fì, tóótó sì lè dà bí ẹni pé ó ti ṣáko lọ.

(v) Ifẹ̀. Orí f máa ń tẹ̀ sí iwájú, àmì ohùn ìsàlẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè apá òsì. Àwọn méjèèjì lè kọlu ara wọn, pàápàá nínú ítálíìkì. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí f àti ohùn ìsàlẹ̀ ti pàdé kò lóǹkà: fà, fò, fẹ̀, fọ̀.

(vi) Ìrẹ́pọ̀ lórí ìlà méjì. Kí a tẹ̀ ẹ́ sí ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀. Tóótó ìlà òkè àti àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn débi tí ojú kò ní mọ lẹ́tà tí ó ni wọ́n. Bí pọ́ńtì 10 lórí ìlà 12 bá tó fún Gẹ̀ẹ́sì, 10 lórí ìlà 13 tàbí 14 ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ fún Yorùbá.

Ìdánwò kan kù tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Ìwé ìtàn ìlú kì í dúró sí ọwọ́ ẹni tí ó rà á. A máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a sì tún ń ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà náà. Kí a gbé ojú ìwé ìdánwò sí ẹ̀rọ tí ń ṣe ẹ̀dà lẹ́ẹ̀mẹta, kí èkejì jẹ́ ẹ̀dà èkíní, kí ẹ̀kẹta jẹ́ ẹ̀dà èkejì. Lẹ́tà tí tóótó rẹ̀ ṣì hàn lára ẹ̀kẹta ni lẹ́tà tí yóò bá ìlú pẹ́.

6. KỌ̀ǸPÚTÀ KÒ MÚ YÍYÀN KÚRÒ

Ẹnìkan lè sọ pé ayé òjé ti kọjá, pé kọ̀ǹpútà kò ní férémù alálàfo 255. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìṣòro náà kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Nínú Unicode, ètò tí ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, 16 nínú lẹ́tà kékeré 21 tí ó ní àmì ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Márùn-ún kò ní: ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ àti m̀. Bákan náà ni ti lẹ́tà ńlá wọn. Àmì ni a ń tò lé wọn lórí lọ́tọ̀, fọ́ǹtì ni ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé àmì náà lé.

Ìdí tí fọ́ǹtì kan fi lè ní ẹ kí ó sì kùnà lórí ẹ́ kò jìnnà. Èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, ṣùgbọ́n àmì ohùn ni tóótó abẹ́ jẹ́ fún wọn. Fáwẹ́lì kan kì í gba ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà wọn kò nílò tóótó abẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn mìíràn lókè. Fọ́ǹtì tí a ṣe fún Vietnam nìkan lè dà bí ẹni pé ó gbọ́ Yorùbá títí a ó fi kọ Ọ̀yọ́.

Láàárín àwọn fọ́ǹtì ẹlẹ́sẹ̀ tí ó gbé ẹrù yìí láìṣubú, mẹ́ta ni àjọ SIL ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Doulos jọ Times gidigidi, ṣùgbọ́n lẹ́tà òòró nìkan ni ó ní. Kò ní ítálíìkì, kò sì ní lẹ́tà nínípọn. Gentium, iṣẹ́ Victor Gaultney, ni a ti ń pín lábẹ́ ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́ láti 2005. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn ni “ti àwọn orílẹ̀-èdè”, a sì dìídì ṣe é fún àwọn èdè tí lẹ́tà wọn ń gbé àmì. Charis ti ara Charter wá, lẹ́tà tí Matthew Carter ṣe ní 1987 fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò lágbára púpọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, ìlà rẹ̀ kì í já. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ɛ àti ɔ pẹ̀lú, tí a ń lò dípò ẹ àti ọ nínú àkọtọ́ ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà. Fún Òkè-Ògùn tí ó bá Benin pààlà, èyí wúlò.

7. ÌKÁDÌÍ

Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí ìwé ìtàn Ogbooro, ìmọ̀ràn tí ó jáde láti inú àgbéyẹ̀wò yìí nìyí. Bí bébà bá dára, tí oríkì sì pọ̀ tí a fẹ́ fi ítálíìkì yà á sọ́tọ̀, Gentium ni kí a kọ́kọ́ dán wò. Bí bébà bá jẹ́ ti olówó pọ́ọ́kú, tí a sì mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí a kọ́kọ́ dán Charis wò. Doulos kò tó fún odidi ìwé tí ó ní àkọlé àti oríkì. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ràn Times lè lò ó, bí ẹ̀yà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá yege nínú ìdánwò tí a là sílẹ̀ lókè, tí ó sì gbà láti fi àlàfo kún àárín ìlà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣáájú gbogbo èyí. Fọ́ǹtì tí ó dára jù lọ kò lè fi àmì tí a kò kọ sí orí orúkọ. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé, ó yẹ kí àwọn tí ń kọ ọ́ jókòó ti àwọn àgbà ìlú, kí wọ́n gbọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan láti ẹnu wọn, kí wọ́n sì fi ohùn sí i ní ojú wọn: ọba, agbo ilé, oko, odò, àti orúkọ ìlú náà gan-an. Nínú ọ̀nà 54, ẹyọ kan péré ni ti ìlú. Ẹnu àgbà ni yóò sọ ọ́. Iṣẹ́ lẹ́tà ni láti gbé e dé ojú ọmọ láìjẹ́ kí ó já bọ́ lọ́nà.